Ọ̀fẹ́ tí ẹsẹ̀ kò lè dé: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alákòóso mùsíọ́mù lítíréṣọ̀ kan nínú ọgbà yunifásítì l'Abẹ́òkúta

Sí Ọ̀gá Àgbà Yunifásítì, Akọ̀wé Àgbà, Olórí Ilé Ìkàwé àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ mùsíọ́mù,

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o. A mọ̀ọ́mọ̀ má dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín nínú lẹ́tà yìí ni. Àtúnṣe là ń wá, a ò wá ẹ̀tẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn ti mọ ara yín, ẹni tó bá sì ti gbìyànjú láti wọ ibẹ̀ rí yóò mọ ibi tí à ń sọ.

Ohun tó bí lẹ́tà yìí ni ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mùsíọ́mù náà. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ì báà ṣe ẹyọ ẹnì kan, gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 ṣáájú. Ó ní kò sí ṣíṣí lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Ó ní ilé ìwé kan kò gbọdọ̀ kó ju ọmọ 15 wá lẹ́ẹ̀kan. Lókè ìwé kan náà, ẹ wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni ìwọlé.

Ọjọ́ iṣẹ́ 14, tí a bá ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn, ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú yàrá àkọ́kọ́ yín, ohun tí ẹ gbé síwájú pátápátá ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ l'Abẹ́òkúta níbí lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859. Ọjọ́ 15 síra ló ń jáde. Láàárín ọjọ́ 15 yẹn, wọ́n á kó ìròyìn jọ, wọ́n á to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì máa tà á ní 120 owó ẹyọ. Ẹ̀yin wá nílò àkókò tó ju ìyẹn lọ láti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ilé ìwé wá wò ó.

Ẹ jẹ́ ká tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

1. Òfin lẹ́tà. Olè kì í kọ lẹ́tà, nítorí náà lẹ́tà kọ́ ló máa dá olè dúró. Àwọn tó ń dá padà ni olùkọ́ tó ní ọmọ 40 ní kíláàsì kan, tó di dandan kó pín wọn sí mẹ́ta, kó kọ lẹ́tà mẹ́ta, kó wá mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń dá ìyá aládìrẹ tó ti Ìtòkú wá padà. Ó ń dá àlejò tó sọ̀kalẹ̀ láti orí Olúmọ padà, ẹni tó ní wákàtí méjì lọ́wọ́ kó tó wọkọ̀ Èkó. Ta ló máa ń mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú pé òun yóò ní wákàtí méjì lọ́wọ́?

Ibi tí àṣìṣe náà wà ni pé ẹ da wíwò àti fífọwọ́kàn pọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹni tó wá wo ohun tó wà nínú gíláàsì kò lè ba nǹkan kan jẹ́ bí gíláàsì náà bá ní àgádágodo, tí ẹnì kan sì jókòó sínú yàrá. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbé ìwé àfọwọ́kọ jáde fún òun láti kà ni òfin líle wà fún: kó forúkọ sílẹ̀, kó fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, kó fi báàgì sílẹ̀ lóde, kó má mú bírò wọlé àfi pẹ́ńsùlù, kí wọ́n gbé páálí kan ṣoṣo fún un lẹ́ẹ̀kan, kó sì fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ. (Ìbọ̀wọ́ òwú funfun tí ẹ rà yẹn, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Kì í jẹ́ kí ìka mọ etí ewé, bẹ́ẹ̀ ni ewé gbígbẹ ṣe ń ya. Ọwọ́ mímọ́ tó gbẹ ló dáa fún ìwé. Fọ́tò ni ẹ fi ìbọ̀wọ́ sí fún.)

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ wo ibi tí ohun ìní ọmọ Abẹ́òkúta wà báyìí. Amos Tutuola, tí wọ́n bí ní ìlú yìí ní 1920, ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àti lẹ́tà rẹ̀ púpọ̀ wà ní Harry Ransom Center, ibi ìpamọ́ ìwé kan nínú ọgbà Yunifásítì Texas ní Austin, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wo àfihàn níbẹ̀. Bíbélì Gutenberg gan-an, ọ̀kan lára ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Yúróòpù, wà nínú gíláàsì níbẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ sì lè yà wò ó. Àfi ẹni tó bá fẹ́ kàwé nínú àwọn páálí ló ń forúkọ sílẹ̀ fún yàrá ìkàwé. Ní Tokyo, nínú ọgbà Yunifásítì Waseda, ilé ìkàwé tí wọ́n fi sọrí Haruki Murakami, òǹkọ̀wé ará Japan, ṣí ní 2021, ọ̀fẹ́ lòun náà, àlejò sì lè jókòó kó fa ìwé yọ láti orí pẹpẹ. Bíbélì Gutenberg kò sá. Kí ló wá dé tí ojú ewé Ìwé Ìròhìn tó jẹ́ fọ́tòkọ́pì (a ń bọ̀ wá sórí ìyẹn) fi nílò lẹ́tà ọjọ́ 14?

Ohun tí à ń bèèrè: kí ìwé rẹ́jísítà wà lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni kọ̀ọ̀kan, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, aago ìwọlé, aago ìjáde, ó parí. Kí ilé ìwé tó ń kó ju ọmọ 15 wá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí ẹ dá wọn lóhùn láàárín wákàtí 24. Ọmọ 40 kò pọ̀ jù bí ẹ bá pín wọn sí méjì, kí ogún wà ní yàrá òkè, kí ogún wà ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú.

2. Ọ̀nà. Ẹni tó bá wọ kọ̀rọ̀pẹ́ láti Kútọ̀ tàbí Pánṣẹ́kẹ́ yóò dé géètì ńlá láìsí wàhálà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn sìkiọ́rítì kò mọ̀ pé mùsíọ́mù wà nínú ọgbà, wọ́n á ní kó lọ sí ọ́fíìsì àgbà. Ọ́fíìsì àgbà á ní kó lọ sí ilé ìkàwé. Ilé ìkàwé á ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nílé. Kọ́kọ́rọ́ kan, ọwọ́ ẹnì kan. Bí ọmọ onítọ̀hún bá ń ṣòjòjò, mùsíọ́mù ti tì nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ìgboro kì í wọ ọgbà, a sì gba ìyẹn. Ẹ ṣáà kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tó ń kọjá níbẹ̀ sára pátákó ní géètì, kí ẹ ri pátákó atọ́ka mọ́ oríta kọ̀ọ̀kan láàárín géètì àti mùsíọ́mù. Kí ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì, kó wà ní géètì nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kí ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí i.

3. Aago. Agogo 10 sí agogo 2, Mọ́ńdè sí Fúráídè. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ ilé ìwé wà ní kíláàsì, tí oníṣòwò wà ní ìsọ̀, tí akọ̀wé wà ní ọ́fíìsì. Ẹ ṣí i ní Sátidé, agogo 10 sí 4, kí ẹ ti Mọ́ńdè pa fún àwọn òṣìṣẹ́ láti sinmi. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù láyé ló ń ti Mọ́ńdè pa nítorí ìdí yìí kan náà. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ lé ti tẹ́lẹ̀.

4. Ìwé tó ń kú lójú yín. Ẹ̀sùn tó wúwo jù nìyí. Nínú àpótí gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìlà oòrùn, ojú ewé ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ kan wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí i pé ó ń dán. Ọ̀rá tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tòkọ́pì ń fi ooru lẹ̀ mọ́ sàtífíkéètì ni wọ́n fi bò ó tojú tẹ̀yìn. Ní igun òsì lókè, ọ̀rá náà ti ṣí, ó sì ń fa ojú ìwé lọ́wọ́, lẹ́tà mẹ́ta ti bá a lọ. Láàárín, ìlà pupa rúsúrúsú kan lọ gbọnrangandan láti òkè délẹ̀: sẹ́lótéèpù tí ẹnì kan fi tún ibi tó ya ṣe kí wọ́n tó lẹ ọ̀rá mọ́ ọn.

Ẹni tó ṣe é rò pé òun ń dáàbò bò ó ni. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bébà ìwé ìròyìn láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá. Igi náà ní èròjà kíkan nínú tó ń jẹ bébà láti inú, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ́n, tó sì ń rún bíi bisikíìtì. Bébà àkísà tí wọ́n ń lò ṣáájú ìyẹn kì í tètè rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé 1859 fi lè le ju ìwé 1959 lọ. Bí ẹ bá ti fi ọ̀rá gbígbóná dé bébà igi, ẹ ti ti kíkan náà mọ́lé. Ooru inú ẹ̀rọ ti sáré sún un síwájú, gọ́ọ̀mù ọ̀rá náà sì ti wọ inú bébà. Kò ṣeé bó mọ́. Ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò bó ọ̀rọ̀ ara ìwé pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣe rọrùn ju èyí tó ṣe lọ. Kó fi ìwé náà sáàárín ewé polyester (ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) méjì tó mọ́ gaara, kó lẹ etí polyester sí polyester láìjẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kankan kan ìwé, kó fi ibì kan sílẹ̀ láìlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á fi abẹ́ ya etí rẹ̀, ìwé á sì jáde bó ṣe wọlé. Ibi tó ya, bébà kozo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti Japan àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sítáàṣì àlìkámà sè ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, torí omi lásán máa ń tú u. Òfin iṣẹ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: má ṣe ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ kò ní lè tú.

Nítorí náà, lónìí, láìdúró de ìpàdé: kí ẹ kó ẹ̀rọ ọ̀rá yẹn kúrò nínú ilé náà. Kí ẹ kó sẹ́lótéèpù, sítépúlà àti àwọn pín onírin kúrò, torí wọ́n ń dípẹtà. Kí ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ọ̀rá bò, ojú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a lè mọ iye tó ti lọ.

5. Éè-sí àti iná. Ẹ̀rọ éè-sí yín ń ṣiṣẹ́ ní agogo 10 sí agogo 2, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà. Wákàtí mẹ́rin tútù, ogún wákàtí gbígbóná. Ẹ̀yin á rò pé ó sàn ju kó má sí rárá. Kò sàn. Ìwé lè fara da ooru tó dúró lójú kan ju ooru tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí yàrá bá tutù, tí iná wá lọ, afẹ́fẹ́ olómi á wọlé, á kan gíláàsì àti bébà tó ṣì tutù, omi á sẹ̀ sí i lára. Bí ọ̀rinrin bá ti kọjá ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọjọ́ mélòó kan, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án l'Abẹ́òkúta, kò sí bí kò ṣe ní kọjá ìyẹn. Tí ọyẹ́ bá wá dé, ọ̀rinrin á já wálẹ̀, bébà á sún kì, etí rẹ̀ á ká.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, mẹ́ta, kí ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìdá 45 sí 55 ni ẹ ń wá. Bí owó kò bá tó fún iná tọ̀sántòru, ẹ pa éè-sí, kí ẹ lo fáànù àti fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ìwé sínú páálí tí kò ní kíkan. Páálí fúnra rẹ̀ máa ń dín ìlọbọ̀ ọ̀rinrin kù. Kí ẹ sì gbé pẹpẹ kúrò lára ògiri tó kọ ojú sí òjò, ó kéré tán ìwọ̀n ọwọ́ kan.

Ní ti oòrùn, ohun tó ti ṣá kò ní padà. Àpótí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Tíńtì dúdú ti mọ́tò tí ẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì ń mú kí yàrá ṣókùnkùn ni, èyí kò sọ pé ó ń dá ìtànṣán tó ń jẹ ìwé dúró. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n kọ UV sí lára, ó tilẹ̀ lè mọ́ gaara bí omi. Lux 50 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ni ìmọ́lẹ̀ tó yẹ bébà. Kí ohun kankan má sì wà nínú gíláàsì ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kí ẹ tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

6. Kòkòrò. Ikán ti fa ọ̀nà gba ẹsẹ̀ pẹpẹ kejì. Ẹ má fín oògùn sára ìwé o. Ẹ fín in sí ìpìlẹ̀ ilé láti ìta. Ìwé tí kòkòrò ti wọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e sínú díìpù fíríísà tó lè dé -20°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ má tú ọ̀rá títí yóò fi yọ́ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á sẹ̀ sí ìwé. Ẹ dá bisikíìtì àti mọ́ínmọ́ín àwọn òṣìṣẹ́ padà sí yàrá òṣìṣẹ́.

7. Ohun tí ẹ kọ sára ògiri. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣàlàyé ìwé ìròyìn tí wọ́n fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. A kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé wa pé òótọ́ ni. Àlàyé náà kò sì péye. Ó ní Samuel Àjàyí Crowther ló dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀. Townsend ni, Crowther ti kọjú sí iṣẹ́ ìhìnrere Odò Ọya láti 1857. Ó ní èdè méjì ló fi bẹ̀rẹ̀. Yorùbá nìkan ló fi bẹ̀rẹ̀, 1860 ni Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ọ́. Kò sì sọ bó ṣe parí rárá, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni ọmọdé máa ń bèèrè: Ìfọ́lé ọdún 1867 ni, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ìjọ kúrò ní ìlú, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì bá a lọ.

Lára àkọlé kékeré tí ẹ gbìyànjú láti fi Yorùbá kọ, ẹ wo orúkọ ìlú: A, b, àmì onígun mẹ́rin òfìfo, o, k, u, t, a. Fọ́ǹtì tí oníṣẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lò kò ní ẹ olóhùn òkè nínú. Ẹ lo Charis SIL tàbí Noto, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó gbé e jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín, kí fọ́ǹtì bá a lọ. Kí ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá kà á lórí bébà kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ sì kọ ọ́ sára ohun kọ̀ọ̀kan bóyá ojúlówó ni tàbí ẹ̀dà. Ojú ewé 1859 tó wà níwájú yẹn, fọ́tòkọ́pì ni, ó hàn lára rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀dà. Mùsíọ́mù tó mọṣẹ́ máa ń pa ojúlówó mọ́, á fi ẹ̀dà hàn. Ìtìjú wà nínú kí ọmọdé lọ sílé pé òun rí ojúlówó.

8. Àwọn tí kò sí níbẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà, tí wọ́n bí ní 1934, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Tutuola wà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n J. F. Ọdúnjọ ńkọ́, ọmọ Ìbarà, ẹni tó kọ Aláwìíyé? Iye ènìyàn tó fi ìwé rẹ̀ mọ Yorùbá kà ju iye tó ti gbọ́ orúkọ Nobel lọ nílẹ̀ yìí, ìyẹn lérò tiwa. Ṣóbò Aróbíodù tó fi ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá kọ àròfọ̀ ńkọ́? Isaac Délànọ̀ ńkọ́? J. J. Ransome-Kuti, tí wọ́n gba orin Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922 ńkọ́? Nínú mùsíọ́mù lítíréṣọ̀ l'Abẹ́òkúta, ó dà bíi pé ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nìkan ló kọ̀wé. Àpótí kan péré, ẹ̀rọ agbọ́hùn kan péré fún orin, ó ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

9. A ti ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: owó kò sí. Nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, yíyọ òfin lẹ́tà, Sátidé dípò Mọ́ńdè, kọ́kọ́rọ́ kejì, kíkó ẹ̀rọ ọ̀rá kúrò, gbígbé àpótí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé àti títún àlàyé ògiri kọ kò tó owó epo jẹnẹrétọ̀ yín fún oṣù kan. Polyester, páálí àti fíríísà ló nílò ìsúná, ìyẹn lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

A fẹ́ kí ẹ dá wa lóhùn ní gbangba láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14, ẹ̀yin náà lẹ mú iye ọjọ́ yẹn wá. A sì fẹ́ kí ohun mẹ́fà tí kò gba owó púpọ̀ yẹn ti parí kó tó di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, tí í ṣe àyájọ́ Ìwé Ìròhìn, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà láti agogo 10, kí ẹnikẹ́ni láti Lafẹ́ńwá dé Aṣẹ́rò lè rìn wọlé láìmú ìwé kankan dání.

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni,

Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá, àwa tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́, àti àwa afinimọ̀nà tó ń kó àlejò kiri Abẹ́òkúta.